Ẹ bá mi ṣa páàtì kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún ilé, owó ò pọ̀

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo fẹ́ fún ilé, mi ò fẹ́ láptọ́ọ̀pù mọ́. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí à ń lò, bátìrì rẹ̀ ti kú, lẹ́tà ń já kúrò lára kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ọ̀dọ̀ atúnṣe ló sì ń sùn jù. Tíṣà ni mí. Ìbéèrè ìdánwò àti èsì àwọn ọmọ ni mo máa ń tẹ̀, Word àti Excel náà ni. Àwọn ìbejì ń múra JAMB. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ti ń ṣe ìdánwò ọ̀hún láti 2015, mo sì fẹ́ kí ọwọ́ wọn mọ́ ọn kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní yunifásítì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to fídíò pọ̀.

₦450,000 ló wà nílẹ̀. Mọ́nítọ̀ ti wà, ínǹṣì 22, ihò VGA kan, HDMI kan. Iná tiwa ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ti kọ ohun tó fẹ́ ránṣẹ́ sí mi: Core i7, RAM 16GB, hard disk 1TB, káàdì àwòrán RX 580. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó gbéra lọ sí Ìkẹjà.

Ọmọ_Ọ̀tìgbà

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jẹ́ ká ti ibi Core i7 yẹn bẹ̀rẹ̀, ìyẹn prọsẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, torí òun ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn jù ní Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà. "i7 ni mà, i7 ni!" Ìran wo? i7-2600 tó jáde ní 2011 ṣì wà lórí káńtà dòní, i3-12100 ti 2022 á sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì ni kí ẹ máa wò. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, èyí tó ṣáájú ni ìran rẹ̀: i5-8500, ìran kẹjọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ márùn-ún, méjì tó ṣáájú ni: i3-12100, ìran kejìlá.

Ẹ má ra ohun tó kéré sí ìran kẹjọ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10. Windows 11 ò sì gba Intel tí kò tó ìran kẹjọ, ó tún ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan, lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo páàtì jókòó lé. Ọlọ́jà á ní Windows 11 ti wà lórí ìran kẹrin tí òun ń tà. Ẹ lè rí i níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fọgbọ́n gba ẹ̀yìn ìdènà Microsoft ni kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ọjọ́ tí Microsoft bá kọ̀ láti fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i, ọlọ́jà ò ní sí níbẹ̀.

Ẹ tún máa wo lẹ́tà ìparí. Èyí tí F bá wà nídìí rẹ̀, bíi i3-12100F, kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Láìsí káàdì, mọ́nítọ̀ yín á dúdú kirikiri, ẹ ó rò pé wọ́n ta òkú ọjà fún yín.

Amúnáwá_Ìbàdàn

Ẹ ń sọ prọsẹ́sọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ iná. Òṣogbo ni ìyá wa ń gbé o.

Ọmọ náà to gbogbo nǹkan sílẹ̀, kò kọ power pack, àpótí tó ń pín iná fún inú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ power pack ló ń jìyà ohun gbogbo tí NEPA bá ṣe, tí tiẹ̀ bá sì burú, ó máa ń mú bọ́ọ̀dù àti hard disk dání lọ ni. Mo ní ọ̀kan níwájú mi báyìí tí oníbàárà gbé wá. Wọ́n kọ 500W gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Mo wo lébẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà tí wọ́n kọ +12V sí, 18A ló wà níbẹ̀. 18 lọ́nà 12, 216 ni. Ìlà yẹn ni prọsẹ́sọ̀ àti káàdì ti ń mu iná, torí náà power pack 216W lọkùnrin yìí rà, ó kàn san owó 500W. Ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi páálí bisikíìtì tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán. Gbogbo kéésì tuntun tí wọ́n bá sọ fún yín pé "power pack ti wà nínú rẹ̀", ẹ ṣí i, kí ẹ ṣe ìṣirò yìí níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, níbi tí wáyà ń wọ̀. Tí ẹ bá rí bọ́tìnnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, ẹ rí i dájú pé 230 ló wà kí wáyà tó kan ìhò iná. Ọ̀pọ̀ èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, 115 ni wọ́n fi í sí, torí iná tiwọn ò ju 120 lọ. Tó bá wà ní 115, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á máa sọ iná tó wọlé di ìlọ́po méjì. Tí iná wa bá wọ ibẹ̀, ẹ ó gbọ́ "gbàù!", èéfín á tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ parí. Èyí tí wọ́n bá kọ 100-240V sí lára tí kò sì ní bọ́tìnnì, òun ló dáa jù fún wa. Tí iná bá wálẹ̀ dé 160, kò ní mira. Iná tó bá wọlé pẹ̀lú agbára àjùlọ ló ń pa á, pàápàá nígbà tí NEPA bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé.

Nítorí náà ẹ ra TV guard, ìyẹn èyí tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná wọlé, tó sì máa ń já a tó bá ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀ tí iná bá lọ. Tí wọ́n bá kọ 650VA sára UPS, ẹ má kà á sí 650 watt, bíi 360 ló máa ń jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ wọn, ó sì tó kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì ńlá. Kò wà fún kí ẹ fi máa ṣiṣẹ́ lọ o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ohun tó lé díẹ̀ ló máa fún yín, kí ẹ fi iṣẹ́ pamọ́ kí ẹ sì pa á dáadáa. Tí ẹ bá ní inverter nílé, ẹ béèrè bóyá pure sine wave ni, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA. Èyí tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn power pack tó dáa gan-an ló máa ń bá jà: á máa kùn, nígbà míì á kú lójijì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, I better pass my neighbour, ẹ má ki kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́ tààrà láéláé. Iná rẹ̀ ń fò sókè sódò bí ẹ bá ṣe ń tan nǹkan tí ẹ sì ń pa nǹkan.

Tuntun_Ló_Dáa

Èmi ò gbà pẹ̀lú tòkunbọ̀ ní tèmi. Ẹ ra prọsẹ́sọ̀ AMD Ryzen 5 5600G, bọ́ọ̀dù A520, RAM DDR4 méjì tó jẹ́ 8GB 8GB, NVMe 500GB (irú SSD, disk tó yá ju hard disk lọ), power pack tó ní 80 PLUS Bronze (àmì pé kì í fi iná ṣòfò), kéésì tó gbafẹ́fẹ́. 5600G yẹn ní ẹ̀yà mẹ́fà (core), ojú iṣẹ́ méjìlá (thread), 65W péré ni, fáàn rẹ̀ wà nínú páálí, ó sì ní ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú ara rẹ̀, tó tó ọmọ fídíò fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà G wà níbẹ̀ o. 5600 lásán àti 5500 ò ní in. Ọwọ́ ẹni kankan ò tíì kàn án, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí tòkunbọ̀ ti rí ní ọ́fíìsì tó ti wá.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta RAM 16GB ẹyọ kan fún yín pé ó rọrùn. Méjì 8GB ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àwòrán tó wà nínú prọsẹ́sọ̀ sì ń lo RAM yẹn náà. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, iyàrá rẹ̀ á já wálẹ̀ débi tí ẹ ó fi rí i lójú. Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ wọ BIOS, ojú ìṣètò tó wà ṣáájú kí Windows tó wọlé, ẹ tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iyàrá tí wọ́n kọ sí i. Lórí bọ́ọ̀dù míì, DOCP ni wọ́n kọ. Láìṣe ìyẹn, RAM 3200 yín á máa sáré ní 2133 tàbí 2400, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ọmọ_Ọ̀tìgbà

Ọ̀gá mi Tuntun, ohun tí ẹ kọ dáa, ẹni tó lówó ẹ̀ kó rà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ lónìí, ẹ má fi ti ọdún tó kọjá ṣe é. Láti ìparí 2025 ni RAM àti SSD ti gbówó lórí. Àwọn ilé-iṣẹ́ AI ló ń kó ìrántí kọ̀ǹpútà rà fún àwọn ilé ẹ̀rọ ńlá wọn, àwọn tó ń ṣe é sì ń tà á fún ẹni tó lówó jù. Nínú oṣù Kejìlá 2025 ni Micron, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é, kéde pé àwọn ò ní ta RAM àti SSD wọn tó ń jẹ́ Crucial fún èèyàn lásán bíi tiwa mọ́. ₦450,000 ìyá wa ò lè gbé ohun tí ẹ tò yẹn, àfi kí wọ́n gé e níbi power pack, ibẹ̀ gan-an sì ni kò yẹ kí wọ́n gé.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Kí wọ́n wá tòkunbọ̀ ọ́fíìsì tó jẹ́ ìran kẹjọ, i5-8500, ẹ̀yà mẹ́fà, pẹ̀lú RAM rẹ̀ nínú. HP EliteDesk 800 G4, Dell OptiPlex 7060, Lenovo ThinkCentre M920t, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Èyí tó bá ní 16GB nínú ni kí wọ́n mú, kódà tí owó rẹ̀ bá lé díẹ̀, torí RAM tí wọ́n máa fi kún un lẹ́yìn ló máa ná wọn lówó. SSD tuntun, TV guard àti UPS á jáde nínú owó tó kù.

Ará_Peckham

Ẹ káàsán láti London. Tí ẹ bá ní èèyàn níbí tó lè fi ránṣẹ́, ẹ bi í. Iná tiwa níbí àti tiyín kan náà ni, 230V, kódà ẹnu wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà bára mu, kò nílò adápítà kankan. Tí ọ́fíìsì bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, ilé tó ń tún un ṣe máa ń tà á pẹ̀lú wáráńtì. Kìkì pé ó wúwo, owó ọkọ̀ rẹ̀ á sì pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mọ́nítọ̀ ránṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń dé pẹ̀lú ìlà dúdú lójú.

Olóòtú_Àwòrán

Ẹ jẹ́ kí n bá àbúrò wa tó ń kọ́ fídíò sọ̀rọ̀. RX 580, 2017 ló jáde, 185W ni òun nìkan ń mu, ìyẹn ju gbogbo ìyókù kọ̀ǹpútà náà lọ. Ìdí tó fi pọ̀ lọ́jà ni pé àwọn tó ń fi káàdì wa Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ láti oṣù Kẹsàn-án 2022, wọ́n sì dà á sígboro. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ti fi ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ki í bọ tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, power pack ibẹ̀ ò ní gbé e, wáyà tó máa fún un níná gan-an ò sí níbẹ̀.

Ṣé wàá lè to fídíò láìsí káàdì? Wàá lè ṣe é. Intel ìran kẹjọ ní Quick Sync nínú, ó ń tú fídíò H.264 àti HEVC tí fóònù ń yà, àwọn sọ́fítíwìá ìtofídíò bíi CapCut àti Premiere sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. 1080p á lọ. Fún 4K, jẹ́ kí sọ́fítíwìá ṣe proxy fún ọ, ìyẹn ẹ̀dà kékeré tí wàá máa gé, tí á fi ojúlówó rọ́pò nígbà tó bá fẹ́ gbé e jáde. DaVinci Resolve nìkan ni mo lè sọ pé á ni ọ́ lára, torí káàdì ló gbójú lé. Nígbà tí owó bá wọlé, GTX 1650 ni kó o wá, èyí tí kò ní ihò wáyà iná lórí. 75W ni, inú bọ́ọ̀dù ló ti ń gba gbogbo iná rẹ̀.

Ayédèrú káàdì sì pọ̀. Wọ́n máa ń kọ GTX 1050 Ti sórí GTS 450 àtijọ́, Windows fúnra rẹ̀ á gbà pé òótọ́ ni. Gbé GPU-Z, sọ́fítíwìá tó ń yẹ káàdì wò, dání lórí fíláàṣì. Tó bá jẹ́ ayédèrú, á kọ FAKE sí iwájú orúkọ rẹ̀ gbangba.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bùkún yín. Mo ti ń lóye rẹ̀. Ẹnì kan ládùúgbò wa ní òun ní EliteDesk 800 G4 tín-ín-rín kan tí wọ́n ń fi sí abẹ́ mọ́nítọ̀, owó rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti onígíga lọ. Ṣé kí n mú un? Tí mo bá sì dé ṣọ́ọ̀bù, kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, èmi tí mi ò mọ inú rẹ̀?

Ẹ̀rọ_Àkúrẹ́

Ẹ má mú tín-ín-rín mà, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ń sọ̀rọ̀ káàdì. Káàdì gíga ò lè dúró nínú rẹ̀, àfi àwọn kúkúrú tó wọ́n tó sì ṣòro rí. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń lò pẹ̀lú ṣájà láptọ́ọ̀pù, RAM láptọ́ọ̀pù ló ń lò, ìyẹn dáa fún ẹni tó bá ń lo inverter kékeré tí kò sì ní fi nǹkan kún un mọ́. Onígíga ni tiyín. Lórí Lenovo, lẹ́tà ìparí á sọ fún yín: M920t ni onígíga, M920s ni tín-ín-rín, M920q ni èyí tó kéré jù.

Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ohun tí èmi máa kọ́kọ́ ṣe ni kí n ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tan, kí n sì wọ BIOS: F10 lórí HP, F2 lórí Dell, F1 lórí Lenovo. Tó bá béèrè páásíwọọ̀dù, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ọ́fíìsì tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í, "a ó bá yín ṣí i tó bá yá" sì ni ọlọ́jà á máa wí títí ẹ ó fi padà sí Òṣogbo. Tí BIOS bá ṣí, ẹ wo déètì. Tó bá wà ní ọdún tó ti kọjá lọ, bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù ló kú, CR2032, kò wọ́n, ẹ ní kí wọ́n fi tuntun sí i.

Tí Windows bá wọlé, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí Performance. Orúkọ prọsẹ́sọ̀ á wà níbẹ̀ lódindi, ẹ má wo sítíkà tó wà lójú kéésì rárá, páálí páálí ni wọ́n ń ta sítíkà Core i7. Ẹ tẹ Memory, ẹ ó rí iye RAM àti iye ihò tó ti lò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí CrystalDiskInfo látorí fíláàṣì, á sọ wákàtí tí disk ti ṣiṣẹ́ àti bóyá ara rẹ̀ le. Hard disk tòkunbọ̀ tí wákàtí rẹ̀ ti lé ní 30,000, mi ò ní fi èsì ọmọ ilé-ìwé sí i. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún bí ìdajì wákàtí níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ fáàn. Tó bá ń hó gèè láìsí iṣẹ́, pééstì orí prọsẹ́sọ̀ ti gbẹ. Kò pa á, ṣùgbọ́n ẹ fi ná ọjà.

Lórí SSD, ohun tí Windows máa wà lórí rẹ̀ ni kí ó yá, 500GB NVMe. Hard disk inú rẹ̀ lè máa kó fídíò ọmọ pamọ́. Hard disk ń ka bíi 150MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, SSD SATA ń ka bíi 550, NVMe ti bọ́ọ̀dù yín á lè tó 3,500. Láàárín hard disk àti SSD èyíkéyìí lẹ ó ti rí ìyàtọ̀ jù, láàárín SATA àti NVMe ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lórí Word. Ẹ rà á níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní rìsíìtì, kí ẹ sì fi H2testw, sọ́fítíwìá tó ń yẹ ìwọ̀n disk wò, kún un dẹ́nu ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gbé e délé. Èyí tí wọ́n kọ 1TB sí tó jẹ́ pé 64GB ló wà nínú, ó wà lọ́jà rẹpẹtẹ.

Tuntun_Ló_Dáa

Mo gbà fún yín lórí owó RAM yẹn. Ẹ fi èyí kún un: kí wọ́n béèrè power pack tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ HP àti Dell ọ́fíìsì, ẹnu wáyà power pack wọn ò bá tọjà gbogbogbò mu. Tó bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni ẹ máa wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé èyí tó jó dání lọ sọ́jà. Ìdí tí mo fi fẹ́ tuntun nìyẹn, ẹ má bínú.

Amúnáwá_Ìbàdàn

Kò síbi ìbínú. Ohun tó fà á tí mo fi ní TV guard kọ́kọ́ nìyẹn náà.

Ọyẹ́ ń bọ̀ o. Ẹ má gbé kéésì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé e sórí nǹkan, kí ẹ sì ṣí i fẹ́ eruku rẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́. Tí ẹ bá ń fi bílówà fẹ́ fáàn, ẹ fi ìka di fáàn náà mú kó má yí, yíyí rẹ̀ máa ń bà á jẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Ó ti yé mi. Onígíga i5-8500 ni mo máa wá, 16GB, SSD tuntun, TV guard, UPS, káàdì á dúró di ìgbà tó bá yá. Ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì kùn díẹ̀, ó ti gbà. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnì kan ní mo máa ra Windows lọ́tọ̀, ṣé òótọ́ ni? Mọ́nítọ̀ mi ní VGA àti HDMI, wọ́n sì ní EliteDesk yẹn ò ní HDMI.

Ọmọ_Ọ̀tìgbà

Ẹ má ra Windows mà. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó wá pẹ̀lú Windows Pro, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú BIOS. Tí ẹ bá fi Windows 11 Pro sí i, tí ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, á ṣí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti Office ni kí ẹ rò. LibreOffice ò gbowó, ó ń ṣí Word àti Excel, ó sàn ju èyí tí wọ́n jí tí kòkòrò kún inú rẹ̀ lọ.

Ihò àwòrán tó ń jẹ́ DisplayPort, méjì ló máa ń wà lẹ́yìn EliteDesk 800 G4, nígbà míì wọ́n á fi VGA tàbí HDMI kún un. Tí kò bá sí, wáyà DisplayPort sí HDMI ni kí ẹ rà. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an fún ọlọ́jà: ẹnu DisplayPort á wọ kọ̀ǹpútà, ẹnu HDMI á wọ mọ́nítọ̀. Wáyà tí wọ́n ṣe láti HDMI sí DisplayPort fara jọ ọ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ni àwòrán ń gbà nínú rẹ̀, kò ní gbé e wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ mọ́nítọ̀ HDMI kan ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó rẹ̀.